Ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ kọjá ọ̀rọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹni tó bá ti dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì rí mọ ohùn náà. Ìgò àgbo dúdú tò sórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn, gbohùngbohùn ń ké, olùtajà sì ń ka àrùn bí ẹni ń ki oríkì: ibà, atọ̀sí, jẹ̀díjẹ̀dí, títí tó fi kan jẹjẹrẹ. "Àwọn onímọ̀ ti dán an wò, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ!" Bákan náà ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu. Èròjà kan nínú ata ilẹ̀ pupa ti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun nínú yàrá ìwádìí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n inú àwo ni wọ́n ti da ògidì rẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì lórí. Bí èèyàn bá gbé e mì, díẹ̀ bíńtín ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀.

Nínú àwo pàápàá, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rọrùn. Inú sẹ́ẹ̀lì ni pùrótéènì tó ń pàṣẹ ikú fún un wà. Aṣọ́de ni èyí tí wọ́n ń pè ní p53: bó bá rí ìbàjẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe, á ta pùrótéènì mìíràn, Bax, jí, àwọn caspase, ìyẹn àwọn pùrótéènì tó dà bí ọ̀bẹ, á sì gé sẹ́ẹ̀lì náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ láti inú. Pùrótéènì kan tó ń jẹ́ Bcl-2 ló máa ń di Bax lọ́wọ́ mú kí sẹ́ẹ̀lì má bàa kú. Ní nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, p53 yìí ti bàjẹ́. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà jábọ̀ ìwádìí wọn lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun kan náà tí wọ́n pín sí méjì, tí wọ́n yọ p53 kúrò lára apá kan. Oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ 5-FU pa èyí tó ní p53. Èyí tí kò ní i dúró gbọnin. Wọ́n gbé oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, doxorubicin, wá, èyí tí kò ní p53 ló wá tètè kú. Pùrótéènì kan péré ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Ta ló wá yẹ ti oníbàárà wò ní gáréèjì kí wọ́n tó ta ìgò fún un?

A ò bá ewé jà. Ara ewéko ni vincristine tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n yọ èròjà náà sọ́tọ̀, wọ́n sì wọn ìwọ̀n rẹ̀ kó tó dé ara ọmọ.

Ohun tó ń dùn wá ni oṣù tó ń ṣòfò. Ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ìgbẹ́, a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a ra ìgò kan, a tún ra òmíràn. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun tí wọ́n bá tètè rí ṣeé gé kúrò. Èyí tó ti dé ẹ̀dọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 43 ni Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á lọ́dún 2020. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ tó ń gba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò fa ọjọ́ orí tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun wá sí 45 láti 50.

Kí NAFDAC àti NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fòfin mú ẹnikẹ́ni tó bá polówó àgbo bí oògùn jẹjẹrẹ, kí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò sì kọ owó irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ sínú ètò adójútòfò ìlera, lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti pé ọdún 45, ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kọ̀wé fún un sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àyẹ̀wò yìí kò gba abẹ́rẹ́. Ìgbẹ́ tí kò tó èkùró ló ń fẹ́.