1000V ara mítà kì í ṣe ẹ̀rí ààbò

Wọ́n ń pín in káàkiri pé mọ́ltímítà DT830, ìyẹn mítà aláwọ̀ yẹ́lò olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń wọn iná, ṣeé fi yẹ bọ́ọ̀dù iná ilé wò nítorí pé 1000V wà lára rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Iye tí mítà lè kà ni 1000V yẹn ń sọ. Ohun tó lè fara dà, CAT, ìyẹn ìsọ̀rí ààbò tí wọ́n ń kọ sára mítà, ló ń sọ ọ́: CAT II fún ohun tí a ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, CAT III fún bọ́ọ̀dù àti wáyà inú ògiri. Lóòótọ́, 230V niná ilé, ṣùgbọ́n bí àrá bá sán, iná náà lè fò sókè dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi 6000V dán mítà CAT III 600V wò.

Ẹ wo ihò 10A ara DT830 dáadáa, ìyẹn ihò tí a ń ki wáyà mítà bọ̀ láti fi wọn ìṣàn iná tó pọ̀. Lára ọ̀pọ̀ DT830, "UNFUSED" ni wọ́n kọ síbẹ̀: kò sí fíúsì kankan. Bí wáyà pupa mítà bá wà nínú ihò yẹn tí ẹ sì fi kan iná ilé, mítà lè bú gbàmù mọ́ yín lọ́wọ́.

Fún bátìrì àti rédíò tí ẹ ń tún ṣe, ó wúlò gan-an; èmi náà ń lò ó.