"A Máa Gbé Wọn" Kì Í Ṣe Ètò

Láti àná ni inú ti ń bí mi. Mo gbìyànjú kí n gbé e mì, kò gbé mì. Àwọn tó ṣètò ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá gbé àwòrán ọjọ́ náà jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Tọmọdé tàgbà, gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀. A kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀." Ẹ wo àwòrán karùn-ún dáadáa. Èèyàn méje ló dúró lórí pèpéle, tí wọ́n di àmì-ẹ̀yẹ wọn mú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀, lápá òsì, ẹ ó rí àga onítáyà kan àti obìnrin kan tí ayàwòrán ya láti òkè. Iwájú orí wọn nìkan ló hàn, àti ìdajì àmì-ẹ̀yẹ tó wà lórí itan wọn. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Àwọn ni ẹni kẹjọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹni tó ń wá àánú kiri. Mi ò ní tún ìtàn ìjàǹbá ọkọ̀ tó gbé wọn dé orí àga onítáyà sọ.

Oṣù kan gbáko kí ọjọ́ náà tó pé ni mo ti pe ẹni tó ń darí ètò. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi kò lè gun àtẹ̀gùn, pé àga oníbátìrì ni wọ́n ń lò, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá wa wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn géńdé wà níbẹ̀, a máa gbé wọn."

A máa gbé wọn. Bí àkàndá ẹ̀dá bá wà nínú ilé yín, etí yín á ti kún fún gbólóhùn yìí. Ẹni tó ń sọ ọ́ gbà pé oore ni òun ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú oore náà. Àga ẹ̀gbọ́n mi wúwo ju 100 kílò lọ kí àwọn fúnra wọn tó jókòó lé e. Kò sí géńdé tó máa gbé ìyẹn gun àtẹ̀gùn ní ìrọ̀rùn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn máa fa àgbàlagbà obìnrin yọ nínú àga rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Ẹnì kan á ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá, ẹlòmíì á di orúnkún mú, aṣọ á ká sókè, wọ́n á sì gbé wọn kalẹ̀ sórí àga oníke tí kò ní nǹkan kan tó máa gbá ẹ̀gbẹ́ wọn mú. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbé e dúró mọ́! Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yọ̀ ńkọ́? Ta ló máa dáhùn fún un?

Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọn. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Ká sòótọ́, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà dáa. Ó tẹ́jú, ó fẹ̀, a wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Pèpéle ni wàhálà wà. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló ní, gíga rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ. Ìwọ̀n tí òfin ìkọ́lé Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni 1 sí 12: bí ibì kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 ga, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, kí àga má baà yí sẹ́yìn. Fún ìdajì mítà, mítà 6 nìyẹn. Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle náà, níbi tó gùn ju mítà 6 lọ? Òdòdó. Òdòdó tí wọ́n tò láti ẹsẹ̀ pèpéle títí dé ara ògiri, pẹ̀lú àwọn iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú láàárín wọn. Àyè wà. Owó wà. Ẹni tó ronú kàn án pé ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa pè sókè ni kò sí.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Nígbà tí àwọn olùṣètò bá tiẹ̀ rántí àkàndá ẹ̀dá, ẹnu ọ̀nà ni ìrántí wọn ń mọ. Òǹwòran ni wọ́n ń rí lọ́kàn wọn, ẹni tó máa wọlé, tó máa jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí, tó máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlòmíì. Pé òun náà lè ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo gbọ̀ngàn máa dákẹ́ gbọ́, ìyẹn kò wá sí wọn lọ́kàn rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi í sínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn. Nígbà tó kàn wọ́n, olóòtú ètò sọ̀rọ̀ látòkè pé, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ibi tí ẹ wà náà dáa." Ó rán ọmọbìnrin kan sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ gan-an, ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún àwọn méje yòókù lọ, mo sì rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà sí àtẹ́wọ́ náà. Máìkì wà lórí ọ̀pá tirẹ̀ lókè, níbi tó wà látàárọ̀. Kò sí ẹni tó gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ti pe orúkọ mìíràn. Nígbà tí a ń lọ sílé, mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi yọ ìwé náà, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká ní mẹ́rin, wọ́n dá a padà sínú àpò. Wọn ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò lè sọ nǹkan kan.

Ẹ má sọ fún mi pé nítorí pé ayẹyẹ kékeré ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, COP26, wáyé ní Glasgow. Karine Elharrar, tó jẹ́ mínísítà ètò agbára nílẹ̀ Ísírẹ́lì nígbà náà, tó ń lo àga onítáyà, kò rí ọ̀nà wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó lọ síbẹ̀. Ó dúró títí, ó sú u, ó padà sí ilé ìtura tó dé sí. Ọjọ́ kejì ló tó wọlé, lẹ́yìn tí ariwo ti ta. Mínísítà kan ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó yẹ kí ikọ̀ Ísírẹ́lì ti sọ ohun tí ó nílò tẹ́lẹ̀. Àwọn ikọ̀ náà ní àwọn ti sọ ọ́. Ẹ rí i? Mínísítà odindi orílẹ̀-èdè kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá a fà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi: a sọ fún yín, ẹ ò gbọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 1.3 bílíọ̀nù èèyàn ló ní àìlera tó lágbára lára, ìyẹn ẹnì 1 nínú 6. Bí ẹ bá pe 300 èèyàn, tó bá jẹ́ pé bí ayé ṣe rí ni gbọ̀ngàn yín ṣe rí, 50 nínú wọn nìyẹn. Ẹ kì í rí 50. Ẹ kì í rí 5. Wọ́n wà nílé. Wọ́n ka ìwé ìpè yín, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ pé ẹ ń retí wọn, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ara àwọn ò yá. Ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí abala 30 rẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti bá àwùjọ kópa nínú àṣà, fàájì àti eré ìdárayá. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n pè é. Kò sí oore níbẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé owó ni. Mo ti gbọ́ tiyín. Èló ló ń ná yín láti fi àyè tó fẹ̀ tó mítà 1 sílẹ̀ láàárín àwọn àga kí táyà lè kọjá? Èló lẹ ń san fún ẹni tó bá ṣàlàyé àwòrán tó wà lójú pátákó, kí afọ́jú tó wà láàárín yín lè mọ ohun tí àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín sí? Kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tan iná aláràbarà pé kó má jẹ́ kó máa ṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí pé ó lè mú kí wárápá kọ lu ẹni tí ara rẹ̀ kò gba irú iná bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà owó ni?

Ti máìkì ló máa ń ká mi lára jù. Ọ̀gá ńlá kan á dìde, á ní, "Ṣé gbogbo yín ń gbọ́ mi? Ohùn mi ròkè, mi ò nílò máìkì." Ta ló máa dá a lóhùn? Ẹni tí kò gbọ́ kò gbọ́ ìbéèrè náà. Àwọn gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ti ri wáyà yí ilẹ̀ ká fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Inú máìkì ni ohùn ti ń gba inú wáyà yẹn wọ ẹ̀rọ etí wọn. Ẹni tó gbé máìkì sílẹ̀ ti gé ohùn rẹ̀ kúrò létí wọn nìyẹn, ó sì rò pé òun ń ṣe bí akọni.

Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kí wọ́n béèrè. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpè. Nígbà tí màmá wa pé 70 ọdún, ohun tí mo kọ ni: "Kí la lè ṣe kó lè rọ̀ yín lọ́rùn láti wà pẹ̀lú wa?" Mo fi nọ́ńbà mi sí i. Èèyàn mọ́kànlá dáhùn, títí kan ẹni tí mo ti mọ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí mi ò mọ̀ pé etí rẹ̀ òsì kò gbọ́ràn mọ́. Fún ọdún mẹ́wàá ló ti ń wá àga tó máa jẹ́ kí etí ọ̀tún rẹ̀ dojú kọ wá, mo sì rò pé ó kàn fẹ́ràn ìgun ilé ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ adití. Ó ní òun á nílò ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ. Mo wá ògbufọ̀ kan, inú mi sì dùn sí ara mi. Mi ò mọ̀ pé méjì ni wọ́n máa ń jẹ́ fún irú ètò tó pẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, torí pé ọwọ́ àti ọpọlọ ló jọ ń rẹ̀ wọ́n. Wákàtí mẹ́rin la lò. Nígbà tó fi di wákàtí kejì, ọ̀rẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí gbogbo wa ti rẹ́rìn-ín tán. Lẹ́yìn náà a pa iná kí a lè wo àwòrán ìgbà èwe màmá wa, àbúrò wọn sì ń sọ ìtàn tó wà nídìí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Nínú òkùnkùn yẹn mo rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ló tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí ọwọ́ ògbufọ̀ náà. Ó nawọ́ bẹ́ẹ̀ títí àwòrán fi parí. Mo ti béèrè, ó ti dáhùn, síbẹ̀ òun ló tan iná fún ara rẹ̀ níbi ayẹyẹ tí èmi fúnra mi ṣètò.

Lálẹ́ àná mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa béèrè. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ò fẹ́ kí wọ́n máa bi mí. Ó ti rẹ̀ mí kí n máa dáhùn. Ọjọ́ wo ni màá lọ sóde tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mò ń bọ̀, tí màá kàn dé, tí màá wọlé?"

Mo ní bí wọn ò bá béèrè, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀?

Wọ́n ní, "Nígbà tí wọ́n pè ọ́, ṣé wọ́n bi ọ́ bóyá o máa nílò àga? Wọ́n kàn tò ó sílẹ̀ dè ọ́ ni. Èmi tiẹ̀ gbé àga tèmi dání."

Mi ò rí èsì fún wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ ilé kó wà níbẹ̀ títí ayé, a ò lè kọ́ ògbufọ̀ mọ́ ògiri. Bí mi ò bá bi ọ̀rẹ́ mi, kò ní sí ọwọ́ kankan tó máa tan tọ́ọ̀ṣì sí. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì láti àná.

Ìpàdé kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi ìwé ìpè rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìwé náà wà nínú fóònù mi báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pa ìlà ìbéèrè yẹn rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti dá a padà.