Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn oyè ọ̀jọ̀gbọ́n

Ìròyìn kan tí mo kà sọ ìtàn onímọ̀ kan tó ń wọn gáàsì tí ń mú ayé gbóná ní àwọn ilẹ̀ àríwá, ṣùgbọ́n oyè àti àmì-ẹ̀yẹ ló kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nǹkan bí 1,500 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù ló wà ní agbègbè tí ilẹ̀ ti dì gbagidi, ní Alaska, Kánádà, Sìbéríà àti àyíká wọn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti inú afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀ náà bá ṣe ń yọ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ ewé àti gbòǹgbò àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, níbi tí omi bá sì ti bò ó tí atẹ́gùn kò ráyè wọlé, gáàsì mẹ́tènì, ọ̀kan lára àwọn gáàsì tí ń mú ayé gbóná, ni wọ́n ń tú jáde.

Ní 2006, Katey Walter Anthony, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Alaska ní Fairbanks, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé mẹ́tènì tí ń jáde láti inú àwọn adágún kan ní Sìbéríà pọ̀ gan-an ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ. Orí yìnyín ni wọ́n ti rìn, tí wọ́n ń wá ibi tí gáàsì há sí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ojú kan náà, bẹ́ẹ̀ owó ìwádìí kì í sábà pẹ́ kó tó tán, àti pé láti 2022 tí ogun Ukraine ti gbòòrò, ọ̀pọ̀ onímọ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò lè dé ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ní Rọ́ṣíà mọ́. Èyí ló dùn mí jù, nítorí ọdún tí a kò bá wọn gáàsì náà, kò sí bí a ṣe lè padà lọ wọ̀n ọ́n.