Ìkà Ò Lẹ́sìn

Ọ̀rọ̀ méjì kan ń jà rànìn tí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí ohun tó burú fún gbogbo ayé, bí ẹ̀sìn tàbí àṣà kálukú bá ṣe wí ni. Èkejì, tó dà bí ọ̀tá rẹ̀, ni pé ẹni tí kò bá mọ Ọlọ́run, kò sí iṣẹ́ ibi tí kò lè ṣe. Ní tiwa, àtèyí àtọ̀hún, irọ́ ni.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jókòó ní Paris láti dìbò lórí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Ẹ wo díẹ̀ lára àwọn tó ti jókòó jíròrò ìwé náà ṣáájú ìbò: Charles Malik ọmọ Lebanon, Kristẹni paraku, P. C. Chang ọmọ Ṣáínà, tí ẹ̀kọ́ Confucius, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ nílẹ̀ wọn, ti wọ̀ lára. Hansa Mehta láti Íńdíà. Àtàwọn aṣojú ìjọba Soviet tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Àwọn kan fẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run wà nínú abala kìíní. Chang rán wọn létí pé ogunlọ́gọ̀ ọmọ Ṣáínà ní ìgbàgbọ́ tiwọn. Wọn ò fi orúkọ náà sí i mọ́. Mehta ní tirẹ̀ tako gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó dà bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ni wọ́n bí lómìnira. (Yorùbá ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn; "ènìyàn" tiwa ò ya akọ sọ́tọ̀.)

Nígbà tí ìbò dé, orílẹ̀-èdè 48 fọwọ́ sí i, 8 ní àwọn ò dá sí i, ẹyọ kan ò sì ní òun kọ̀. Soviet wà lára àwọn 8 ọ̀hún, àti Saudi Arabia, tí òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà ò bá lára mu. Gúúsù Áfíríkà náà wà níbẹ̀, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga lọ́dún yẹn gan-an. Ohun tó ń gbèrò nílé lòdì sí ìwé náà látòkè délẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ lanu wí pé "mo kọ̀."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: ẹni tó ń ṣebi pàápàá mọ̀ pé ibi ni. Àwọn tó ní kò sí ohun tó burú fún gbogbo ayé á ní ṣebí àwọn ẹ̀sìn ńláńlá fàyè gba ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Òótọ́ ni, ọdún 1981 ni Mauritania tó fòfin dè é. Àmọ́ olówó ẹrú wo ló gbà kí wọ́n mú òun náà lẹ́rú? Ńṣe ni wọ́n ń kọ ìwé lórí ìwé pé ẹrú kì í ṣe ènìyàn pípé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í wá àwáwí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo olè méjì tó jókòó sídìí ẹrù tí wọ́n jí, tí wọ́n ń pín owó nínú òkùnkùn. Jẹ́ kí ọ̀kan yọ díẹ̀ sápò; ohun tí èkejì máa kọ́kọ́ pariwo ni "o rẹ́ mi jẹ!"

Confucius kìlọ̀ pé ohun tí o ò fẹ́, má ṣe é sí ẹlòmíràn. Jesu sọ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún márùn-ún lẹ́yìn náà. Ẹni tó kọ́kọ́ pòwe pé bí a bá gégi nígbó, ká fọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò, kò ka ìwé àwọn méjèèjì.

A ò sọ pé ayé fẹnu kò lórí ohun gbogbo. Aṣọ, oúnjẹ, ọjọ́ ìsinmi, kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ òfin tó máa de gbogbo wa, kó mú ìdí wá tí ẹni tí kò bá a ṣẹ̀sìn lè gbé yẹ̀ wò. "Ọlọ́run ló wí bẹ́ẹ̀" tó fún un láti fi tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Kò tó láti fi de aládùúgbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àṣà wa nìyẹn." Bí wọ́n bá fi ìyẹn dá wa lóhùn lórí ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n fà lé ọkọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká bi ọmọbìnrin náà. Inú àṣà ọ̀hún lòun náà wà, kò sì sẹ́ni tó tíì bi í.