Owó Ẹ̀kọ́ Ni Mo San, N Kò San Owó Àdàkọ

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni tí ọmọ mi ń lọ ní Ìbàdàn yìí ti sú mi pátápátá, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí ó ń bí mi nínú láìsí àbùlà. Ọmọ náà wà ní Praimárì Kẹta. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kò sí ọjọ́ kan tí kò lọ, kò sí ọjọ́ kan tí ó pẹ́ dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọjọ́ kan tí ìwé rẹ̀ kò gba ojú ewé tuntun. Ìlà tọ́, lẹ́tà gún régé, déètì wà lókè, àmì íńkì pupa sì wà nísàlẹ̀ láti fi hàn pé tíṣà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ní kí ó kà á, yóò kà á geere. Bí a bá bi í pé kí ni ìtumọ̀ ohun tí ó kà, ọ̀rọ̀ parí. Kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Wọ́n kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n sì ní kí gbogbo kíláàsì dà á kọ kí agogo tó dún.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọ̀sẹ̀ náà. Orí ewéko ni ó dá lé. Wọ́n kọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó le koko, pé photosynthesis ni ọ̀nà tí ewéko ń gbà ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, wọ́n sì to àwọn ohun tí ó nílò tẹ̀ léra: omi, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ carbon dioxide àti chlorophyll (èròjà tí ó ń mú kí ewé ní àwọ̀ ewé). Ọmọ mi da gbogbo rẹ̀ kọ láìfi lẹ́tà kan sílẹ̀. Mo bi í pé kí ni chlorophyll. Ó ní òun ni nọ́ńbà kẹrin. Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí páànù àlòkù kan ti wà lórí koríko láti ìgbà tí a ti tún òrùlé ṣe, mo sì gbé páànù náà sókè. Koríko abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, nígbà tí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí èyí fi rí báyìí?" Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí ó fi dáhùn pé, "Kò rí oòrùn ni, Dádì." Gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn! Bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ náà jáde lọ sí abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, tí wọ́n ní kí wọ́n já ewé, kí wọ́n fi ọwọ́ ra á, kí wọ́n sì wo àwọ̀ tí ó kù sí wọn ní ìka, kò sí èyí tí yóò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà nínú wọn. Igi náà kò gba owó, kò gba iná mànàmáná, kò gba kọ̀ǹpútà. (Wọ́n ní kọ̀ǹpútà o. Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa ní sáà-sáà.)

Ti ìṣirò tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ. Ọmọ tí ó máa ń pín búrẹ́dì fún àwọn àbúrò rẹ̀ nílé láìṣe ojúsàájú, tí ó sì mọ̀ dájú pé ẹni tí ó gba ìdajì jẹ ju ẹni tí ó gba ìdá mẹ́rin lọ, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé pé 1/4 tóbi ju 1/2, nítorí pé 4 ju 2 lọ. Kò sí ẹni tí ó gé nǹkan kan sí mẹ́rin níwájú rẹ̀. Wọ́n fa íńkì pupa sí i, wọn kò sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, ogún ìbéèrè wọ ilé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwa òbí ni a ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní ìlú yìí, àwa ni tíṣà ń fún ní máàkì, orúkọ ọmọ ni a kàn ń kọ sórí ìwé.

Bí ẹnìkan bá ní àkókò ni kò tó, kí ó jẹ́ kí a jọ wo ibi tí àkókò náà ń gbà lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé lọ sórí ìpéjọ: àdúrà, orin orílẹ̀-èdè, èyí tí ìjọba dá padà sí ti àtijọ́ ní ọdún 2024 tí àwọn ọmọ sì ní láti kọ́ lákọ̀tun, àti àyẹ̀wò èékánná, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tí òbí wọn kò tíì san owó tán. Wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú gbogbo ẹgbẹ́ wọn, àfi bí ẹni pé àwọn ọmọ náà ni wọ́n jẹ gbèsè. Mo ti san tèmi, n kò sì sọ èyí nítorí ara mi. Ìwà ìkà ni. Ọjọ́rú jẹ́ ọjọ́ aṣọ eré ìdárayá, aṣọ tí a kò gbọdọ̀ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń lé kiri. Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò ọ̀sẹ̀, níbi tí ọmọ tí ó bá há àdàkọ rẹ̀ sórí yóò ti gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, lẹ́yìn èyí tí wọn yóò gbálẹ̀, tí wọn yóò sì tú ká. Ohun tí ó ṣẹ́ kù láàárín ni àkókò ẹ̀kọ́, inú rẹ̀ náà ni tíṣà sì ti ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, tí ó ń kọ̀wé sójú pátákó, tí àwọn náà tẹrí ba tí wọ́n ń dà á kọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá kò ní jáde lọ jẹun nígbà ìsinmi.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí. Nígbà tí agogo ìparí bá dún ní aago méjì, wọ́n á ní kí àwọn tí òbí wọn san owó lẹ́sìn dúró. Tíṣà kan náà ni, kíláàsì kan náà ni, pátákó kan náà tí wọn kò tíì nù ni. Láti ìgbà náà títí di aago mẹ́rin ni yóò wá máa ṣàlàyé ohun tí ó kọ sílẹ̀ láàárọ̀, tí yóò máa fi ìdérí ìgò kọ́ wọn ní ìṣirò, tí yóò sì máa dá ọmọ kọ̀ọ̀kan lóhùn. Ṣé ó mọ iṣẹ́ náà? Ó mọ̀ ọ́n dunjú! Ní sáà tí ó kọjá mo san owó lẹ́sìn, ọmọ mi sì ń lóye ohun tí ó ń kọ. Ní sáà yìí n kò tíì san án, àdàkọ ni mo sì ń rí. Ohun tí mo ti san owó lé lórí fún òwúrọ̀ ni wọ́n tún ń tà fún mi ní ọ̀sán, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá sì rówó rà á lẹ́ẹ̀kejì yóò gbé ìwé rẹ̀ relé bẹ́ẹ̀. Ní ọjà Bódìjà, bí aláta bá gba owó ata lọ́wọ́ ẹni, tí ó fún un ní ọ̀rá òfìfo, tí ó wá ní kí ó tún san owó mìíràn kí ata tó wọ inú ọ̀rá, àwọn ará ọjà fúnra wọn ni yóò bá a gba owó rẹ̀ padà.

Mo lọ bá tíṣà náà, ẹni tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni a wà nínú ìlànà iṣẹ́, ibi tí wọ́n bá ní kí n dé ni mo gbọ́dọ̀ dé. Ìwé àwọn ọmọ ni ọ̀gá wa máa ń yẹ̀ wò, wọn kì í bi ọmọ ní ìbéèrè. Bí ìwé kò bá kún, owó oṣù mi ni wọ́n á gé." Ó tún sọ pé àwọn òbí kan máa ń wá pariwo pé ìwé ọmọ àwọn kò kún tó ti ọmọ aládùúgbò àwọn. Òun nìkan ni ó ń kọ́ kíláàsì náà ní gbogbo ẹ̀kọ́, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìpalẹ̀mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ọ̀gá lè buwọ́ lù ú, èyí tí ó sábà máa ń kọ nígbà tí àwọn ọmọ bá ń da tiwọn kọ lọ́wọ́. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ìdajì ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 fi ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ. Inú ìpín tí wọ́n ń fún un lára owó lẹ́sìn ni ó ti ń wọ ọkọ̀. Bí ó bá wá ṣàlàyé gbogbo nǹkan tán láàárọ̀, ta ni yóò san owó lẹ́sìn? Láti ọjọ́ náà ni ìbínú mi ti kúrò lára rẹ̀ tí ó sì bọ́ sórí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, tí ó to nǹkan lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé tíṣà tí ó bá kọ́ni dáadáa ni ebi yóò pa.

Wọ́n wá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ráyè la ìdá yé ọmọ ráyè yan ọmọ kan tí yóò máa kọ orúkọ ẹni tí ó bá sọ Yorùbá sílẹ̀. Fanákúlà ni wọ́n ń pe èdè Yorùbá náà, náírà àádọ́ta sì ni owó ìtanràn ẹni tí ó bá sọ ọ́. Ìdáhùn tí ọmọ mi fún mi lórí koríko yẹn, bí ó bá sọ ọ́ ní kíláàsì, yóò sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ti dán ọ̀nà tí ó dára wò ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ títí dé òpin ni wọ́n ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì pa wọ́n láyò. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 ní kí á máa fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí i fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 wọ́n sì fagi lé e. Ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi kò fìgbà kankan tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn ìlànà wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ ti ọdún 2025 báyìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dé sórí fóònù gbogbo wa pé ìjọba ti dá àwọn láre.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n kúkú mú ọmọ mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Mo mọ̀ pé láti Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ gbogbo ènìyàn. Mo dé èyí tí ó wà ní àdúgbò wa, mo sì rí àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sórí símẹ́ńtì nítorí pé bẹ́ǹṣì kò kárí. Ìyẹn ní ẹjọ́ tirẹ̀ tí yóò rò. Èyí tí ń gba owó lọ́wọ́ mi ni mo ń bá wí.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n dín àdàkọ kù, kí ìwé tilẹ̀ ṣófo bí ó bá fẹ́ ṣófo. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ béèrè ìbéèrè ní èdè tí ó bá gbọ́, kí wọ́n sì fún tíṣà ní owó tí ó tó jẹ kí ó lè kọ́ni láàárọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, dípò kí ọ̀gá máa ka ojú ewé, kí ó pe ọmọ mẹ́ta jáde ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n kọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà fún un ní ẹnu ara wọn. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Èsì tí wọ́n fún mi ni ìwé tí ó ń rán mi létí pé owó lẹ́sìn sáà yìí kò tíì wọlé. Kò ní wọlé.