Ìdánwò ni 1 Kọ́ríńtì 10:13 ń sọ, kì í ṣe ìpọ́njú

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri lórí Wasáàpù àwọn ìjọ Súrùlérè, pé 1 Kọ́ríńtì 10:13 ní Ọlọ́run kì í gbé ẹrù tó ju agbára wa lọ lé wa lórí, kò tọ̀nà.

Ìdánwò láti dẹ́ṣẹ̀ ni ẹsẹ náà dá lé. Ẹ kà á láti ẹsẹ 6: ìbọ̀rìṣà, àgbèrè àti kíkùn ni Pọ́ọ̀lù kà síbẹ̀.

Ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn kì í ṣe aláìnígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù kan náà kọ ọ́ sínú 2 Kọ́ríńtì 1:8-9 pé ìpọ́njú tó bá àwọn ní Éṣíà ju agbára àwọn lọ, kí wọ́n má baà gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn, bí kò ṣe lé Ọlọ́run.