Èkó ni Graham Greene ti kọ́ iṣẹ́ amí
Ẹ ṣé fún ìròyìn tẹ́ ẹ kọ nípa Graham Greene, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ní Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ́ di ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn, mi ò gbà o, ó ti kọ Brighton Rock, ìwé ìtàn ọ̀daràn, ní 1938 kógun tó bẹ̀rẹ̀. Ojú tó fi ń wo èèyàn niṣẹ́ amí yí padà. Ẹ sì tún gbàgbé Èkó! Ní 1942, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ MI6, iléeṣẹ́ amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Freetown lórílẹ̀-èdè Sierra Leone, Èkó ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí, tó bá ti dalẹ́ òun àtẹnì kejì ẹ̀ á máa fi tọ́ọ̀ṣì lé aáyán kiri inú ilé, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ máàkì sára ògiri, eré aáyán yẹn náà ló padà wọnú ìwé ìtàn ẹ̀, The Heart of the Matter, ní 1948. Ní Freetown, ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun Pọtogí kó lọ fún Jámánì wà lára iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ wá wo Scobie, ọlọ́pàá inú ìwé yẹn, ó rí lẹ́tà tí ọ̀gá ọkọ̀ Pọtogí fi pa mọ́, ó yẹ kó fi lé ìjọba lọ́wọ́, ó jó o níná torí pé ọmọ ẹ̀ obìnrin ni bàbá yẹn kọ ọ́ sí. Àánú ẹni tó jẹ̀bi nìyẹn o! Kódà Kim Philby, ọ̀gá ẹ̀ ní MI6 tó ń ṣe amí fún Soviet ní bòókẹ́lẹ́, tó sá lọ Moscow ní 1963, Greene ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé ẹ̀. Ó bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, àmọ́ ó yé èmi.